Gírámafóònù HMV tí bàbá àgbà gbé bọ̀ láti Kùmásì: ọdún wo ni wọ́n ṣe é, níbo ni mo ti lè rí sípíríǹgì rẹ̀ ní Ìlọrin?

Ọmọ Ọ̀fà ní Tankẹ́

Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ yín ni mo wá tọrọ.

Gírámafóònù aláyìíyí kan wà lọ́wọ́ mi, ti bàbá tó bí bàbá mi ni. Kùmásì ni wọ́n ti ń ṣòwò, bíi ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ọ̀fà ayé ìgbà yẹn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rà á. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì onírin sílẹ̀. Gírámafóònù yìí ni wọn ò fi sílẹ̀. Bàbá mi sọ fún mi pé orí itan Bàbá Àgbà ló wà títí wọ́n fi dé Ọ̀fà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà kó jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù láìfọhùn.

Àpótí dúdú ni, ìbora rẹ̀ ti ń ṣí létí. Inú ìdérí rẹ̀ ni àwòrán ajá tó ń tẹ́tí sí ìwo wà, pẹ̀lú "His Master's Voice", ìyẹn ni HMV. Nọ́ńbà 102 wà lára rẹ̀. Orí tí a ń ki abẹ́rẹ́ sí, wọ́n kọ No. 5A sí i. Ìwé pélébé kan tún lẹ̀ mọ́ inú àpótí. Orúkọ ilé ìtajà tó wà lórí rẹ̀ ti parẹ́, ṣùgbọ́n "Kumasi, Gold Coast" ṣì ṣeé kà.

Ohun tó ń ṣe é ni pé bí mo bá yí ọwọ́ rẹ̀, ó ń yí ṣáá ni, kì í le. Mo lè máa yí i di ọ̀la. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á dún "gbà!" nínú, á tún dákẹ́. Rọ́bà tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀ ti gan. Abẹ́rẹ́ kò sí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kó tó di ogun Jámánì àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ṣe é. Ṣé òótọ́ ni? Níbo ni mo ti lè rí sípíríǹgì àti rọ́bà? Ta ló lè fọwọ́ kàn án ní Ìlọrin tí kò ní bà á jẹ́? Mo ti gbé e dé ọ̀nà Táíwò, kò sẹ́ni tó fẹ́ tú u. Ẹ má sọ fún mi pé kí n tà á o, mi ò tà á.

Sààdù Wáyà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí n yọ ẹ́ńjìnnì irin yẹn kúrò, kí n fi bátìrì, Bluetooth àti sípíkà méjì sí i. Àpótí yẹn á wà bó ṣe wà, ẹ ó sì máa ti inú fóònù gbọ́ orin tó bá wù yín. Mo ti ṣe irú rẹ̀ fún rédíò onígi kan ní Gàá-Àkàǹbí, inú ẹni tó ni ín dùn gan-an.

Àfáà Oníṣẹ́ Aago

Àsàláámù aláékùm.

Sààdù, ọmọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́ má fọwọ́ kan èyí. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú àpótí yẹn kò kú. Nǹkan kan ṣoṣo ló já nínú rẹ̀, bóyá kò tilẹ̀ já, ó kàn yọ níbi tó fi kọ́ ni. Tí o bá yọ ọ́ jù sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, ta ló tún máa rọ òmíràn fún un?

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ kú ìtọ́jú ogún. Aago ni mo ń tún ṣe, ẹ̀bá Ọjà Ọba ni ìsọ̀ mi wà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi gírámafóònù mọ̀ mí, torí irú agbára kan náà ló ń mú òun àti aago ògiri ṣiṣẹ́, ti gírámafóònù ló kàn le jù. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ọdún ṣáájú.

Ẹ bá mi fi ọ̀wọ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá yín pé kò lè ṣáájú ogun 1914. Òótọ́ ni pé gírámafóònù àgbérìn ti wà láyé nígbà yẹn. Ọdún 1914 gan-an ni Decca àkọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àwọn sójà sì ń gbé e lọ sójú ogun. Ṣùgbọ́n HMV 102 ni tiyín, ọdún 1931 sì ni 102 bẹ̀rẹ̀. 101 ló ṣáájú rẹ̀, láti 1925 títí di 1931. Ẹni tó bá ní 101, No. 4 ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀, ewé máíkà tí ojú ń rí kọjá ló wà nínú No. 4 yẹn, ewé ni ohun pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n nínú orí kí ohùn lè jáde. 5A tiyín, ewé alumíníọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. 102 tún ní búréèkì tó ń dá àwo dúró fúnra rẹ̀ bí orin bá parí. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin pẹrẹsẹ tí àwo ń jókòó lé.

Ibi tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibi tó parí sí ló le díẹ̀, torí 102 pẹ́ lórí àtẹ, wọ́n ṣì ń ṣe é nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń lọ sópin. Ìwé pélébé yẹn ló máa ràn wá lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1957 ni Gold Coast di Gánà. Ilé ìtajà tó kọ Gold Coast sórí ìwé rẹ̀, ṣáájú ọjọ́ yẹn ló tẹ̀ ẹ́. Torí náà, láàárín 1931 sí 1957 ni tiyín wà. Ẹ má bó ìwé yẹn o! Ẹ má fi omi nù ún, ẹ má fi òróró kankan kàn án. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ẹrù yẹn, òun ló ṣe iyebíye jù lójú tèmi. Sípíríǹgì ṣeé rà. Ìwé ilé ìtajà Kùmásì kò ṣeé rà mọ́ níbì kankan.

Ẹ ṣì lè dín àlàfo ọdún yẹn kù sí i. Wọ́n ń tún 102 ṣe díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń lọ, lẹ́tà ni wọ́n sì fi ń ya wọ́n sọ́tọ̀: A, B, C, títí lọ. Bí lẹ́tà bá ṣe jìnnà sí A tó ni ẹ̀rọ ṣe kéré lọ́jọ́ orí tó. Ẹ rọra gbé irin pẹrẹsẹ yẹn sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá lẹ́tà wà lẹ́yìn 102. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà pátẹ́ńtì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún tí wọ́n fún wọn ní pátẹ́ńtì ṣeé wá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kò sì lè ṣáájú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn ìyá tó wà nílé. Ẹ má béèrè ọdún lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè ọmọ ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nígbà tí gírámafóònù wọlé. Ọ̀nà yìí ni mo ti gbà mọ ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ aago ní Ìlọrin yìí.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: ẹ má fi orí nìkan sọ ọjọ́ orí ara. Orí ṣeé yọ, ṣeé fi sí ara ẹ̀rọ mìíràn, àwọn tó ń tún un ṣe láyé ọjọ́un sì ń lo èyí tí ọwọ́ wọn bá tó. Ẹ má fi àwo sọ ọ́ náà. Àwo tó wà nínú àpótí ń sọ ìgbà tí bàbá ń gbọ́ orin, kò sọ ìgbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ. Kí gbogbo wọn jọ jẹ́rìí ló dára.

Wàyí o, sípíríǹgì. Ẹ dákun, ẹ má tú agolo rẹ̀ nílé. Irin pẹlẹbẹ gígùn ni wọ́n ká mọ́ra sínú rẹ̀. Bó bá tú jáde lójijì, ó lè gé ìka, ó lè fọ́ ojú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí agbára inú rẹ̀ tán pátápátá, kó sì wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn.

Ọwọ́ tó ń yí láìle lè jẹ́ pé irin já, ó sì lè jẹ́ pé ihò ìpẹ̀kun irin ti bọ́ lára ìkọ́ tó yẹ kó mú. "Gbà!" tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ó jọ pé ó ń mú ìkọ́, ó tún ń bọ́ ni. Gíríìsì tó ti gbẹ náà máa ń fa irú ariwo yẹn, torí irin á lẹ̀ mọ́ra, á wá já gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ pé ó bọ́ ni, a ó tẹ ìyípo àárín rẹ̀ padà kó di ọ̀pá mú, ẹ ò ní náwó púpọ̀. Bó bá jẹ́ ìpẹ̀kun ti ìta ló já, a lè fi iná rọ ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kí a lu ihò tuntun sí i. Yóò kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣiṣẹ́. Bó bá já láàárín, tuntun ni a ó rà. Ẹ má gbé e fún wẹ́dà kó jó o pọ̀, torí ibi tí iná bá ti gbóná débẹ̀, irin ibẹ̀ ti di ọ̀dẹ̀.

Tuntun wà. Wọ́n ṣì ń ṣe é lókè òkun, wọ́n sì ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn béèrè sípíríǹgì HMV. Bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe nípọn tó, bó ṣe gùn tó, àti irú ihò tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa bi yín. Èyí tó fẹ̀ jù kò ní wọ agolo. Èyí tó nípọn jù, bó bá tilẹ̀ wọ̀, yóò máa fa eyín gíà ya. Bó bá dé, wáyà ni wọ́n máa fi dè é. Ẹ má já wáyà yẹn, ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀.

Rọ́bà rọrùn jù bí ẹ ṣe rò. Èyí tó yí ewé alumíníọ̀mù ká nínú orí, rọ́bà fáàfù básíkùlù ni mo máa ń lò, èyí tín-ín-rín tí wọ́n ń fi bo fáàfù àtijọ́. Àwọn tó ń tún básíkùlù ṣe ṣì ní in. A ó gé e ṣe wẹ́kú, kí ẹnu méjèèjì kanra láìsí àlàfo. Kò gbọdọ̀ fún ewé yẹn pa, ohùn á há. Èyí tó wà lẹ́yìn orí, tó so orí mọ́ apá, ẹ ra ti tòótọ́ pọ̀ mọ́ sípíríǹgì. Ẹ má fipá yọ ọ́ kúrò o. Irin tí wọ́n dà sí ara irú orí báyìí, síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá ti darúgbó, ó máa ń wú, ó máa ń sán, ó sì lè fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fi súkúrú le mọ́ ọn. Òun ló ń bà mí lẹ́rù ju sípíríǹgì lọ.

Ọmọ Ọ̀fà ní Tankẹ́

Àfáà, ẹ ṣeun púpọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Mo ti gbé irin náà sókè. 102 hàn kedere, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ibi tí lẹ́tà yẹ kó wà. Mo wá ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo lọ sí Ọ̀fà, mo lọ bá ìyá wa tó jẹ́ àkọ́bí Bàbá Àgbà lóbìnrin, Kùmásì ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n kó àbúrò wọn ọkùnrin jáde, gírámafóònù ló ń kọrin ní àgbàlá, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n nínú ilé kó tó dìgbà náà. Ọdún tí ogun Hitler parí ni wọ́n bí àbúrò wọn yẹn, ó wà nínú ìwé wọn: 1945. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí ẹ̀gbọ́n àwọn bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ti parí nìyẹn.

Àfáà, ṣé ó túmọ̀ sí pé láàárín 1931 sí 1945 ni? Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè fín òróró WD-40 sí i nínú kí n tó gbé e wá.

Àfáà Oníṣẹ́ Aago

Bẹ́ẹ̀ ni, 1931 sí 1945. Ẹ kọ ẹ̀rí ìyá yín sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ sí i, kí ẹ sì fi ìwé náà sínú àpótí, kó má fara kan ti Kùmásì.

Ẹ má fín ohunkóhun sí i. WD-40 á tú gíríìsì ibi tí a kò fẹ́ kó tú, lẹ́yìn náà á fẹ́ lọ. Nínú agolo sípíríǹgì, kẹrosíìnì ni a fi ń fọ gíríìsì dúdú àtijọ́ kúrò, a ó nù ún gbẹ, a ó wá fi gíríìsì tó ní gíráfáìtì sí i. Gọ́fánọ̀, ìyẹn irin mẹ́ta tó ń yí fìrìfìrì tó ń díwọ̀n eré rẹ̀, òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ló fẹ́, ẹ̀kán kan tàbí méjì. Awọ kékeré tó ń fara kan gọ́fánọ̀ yẹn náà ń fẹ́ òróró díẹ̀, bó bá gbẹ, orin á máa gbọ̀n.

Aláwo Orin Ìgbàanì

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i láti Ọ̀mù-Àrán níbí, torí àwo orin ni mo ń kó jọ, ọkàn mi sì máa ń bàjẹ́ bí mo bá rí ohun tí gírámafóònù ń fojú wọn rí.

Ọmọ Ọ̀fà, àwo wo lẹ fẹ́ fi sí i? Gírámafóònù yín, àwo 78 nìkan ló wà fún. Ìyẹn àwo tó wúwo, tó máa ń fọ́ bó bá já bọ́. Àwo fáínì tó ń rọ̀, ì báà jẹ́ kékeré ì báà jẹ́ ńlá, ẹ má gbé e sí i láéláé. Orí yẹn ń fi ìwọ̀n tó ju gíráàmù ọgọ́rùn-ún lọ tẹ ojú àwo, abẹ́rẹ́ irin á sì gbẹ́ orin inú fáínì dànù ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ń sọ ọ́ torí mo mọ Ìlọrin. Ẹ̀ẹ̀kan tí gírámafóònù bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan á sáré gbé àwo dadakúàdà Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú wá. Àwo ńlá Ọdọ́láyé, ìtàn ìlú yín ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ oníná tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ gbọ́ ọ.

Abẹ́rẹ́: tuntun wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà ń tà pọ̀. Èyí tó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ wà, èyí tó ń pariwo sì wà. Fún àwo àtijọ́, ẹ ra ti wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ojú kan àwo, abẹ́rẹ́ kan. Bó bá ti kọ ojú kan tán, ẹ yọ ọ́ sọnù. Ohun líle wà nínú èròjà àwo 78 tó máa ń lọ abẹ́rẹ́ kó lè bá ojú orin mu, bí abẹ́rẹ́ náà bá wá wọ ojú kejì, òun ló kàn tó máa lọ àwo. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìnáwó, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù, àwo náà ni kò sí mọ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tàbí ìṣó sí i, bí ó ti wù kó rí.

Ẹ má fi sípírítì nu àwo 78. Ó máa yọ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó, kí omi má kan ìwé àárín. Ẹ to wọ́n ní ìdúró, kí oòrùn má pa wọ́n. Àwo wo ló wà nínú àpótí yín? Bí ẹ bá rí Zonophone tí EZ wà níwájú nọ́ńbà rẹ̀, òpin àwọn ọdún 1920 ni. Ẹ má tilẹ̀ gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹ ya àwòrán rẹ̀ fún mi ná. Decca tó ní WA, ẹ̀yìn ogun Hitler nìyẹn.

Ọmọ Ìgbájà

Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi náà. Àpótí tèmi kò ní orúkọ kankan níta, ajá kò sí níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n?

Àfáà Oníṣẹ́ Aago

Ẹ wo ara ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ àpótí tí kò lórúkọ, àwọn tó kan pákó rẹ̀ yàtọ̀, àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì yàtọ̀. Bí ẹ bá rí Thorens tàbí Paillard, Switzerland ló ti wá. Garrard àti Collaro, Gẹ̀ẹ́sì ni. Orúkọ yẹn ni ẹ máa fi wá sípíríǹgì, ẹ má fi orúkọ àpótí wá a. Tó bá sì jẹ́ pé ìwo bàbà ńlá tó ń dán ló wà lórí rẹ̀, tí àwòrán ajá tuntun sì lẹ̀ mọ́ pákó rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó san owó. Àwọn kan ń tò ó jọ lóde òní, wọ́n sì ń tà á bí ẹrù àtijọ́.

Ọmọ Ọ̀fà ní Tankẹ́

Màmá Aláwo, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Decca WA ni púpọ̀ nínú wọn, mi ò rí EZ. Àfáà, mo ń gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Súúrì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: bó bá ń ṣiṣẹ́ tán, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé eré rẹ̀ pé?

Àfáà Oníṣẹ́ Aago

Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ àwo kó yọ etí síta, kí ẹ gbé abẹ́rẹ́ sórí orin, kí ẹ wá máa ka iye ìgbà tí bébà yẹn kọjá níwájú yín. Mọ́kàndínlógójì ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ìyẹn 78 ní ìṣẹ́jú kan, òun ni eré tí àwo 78 fẹ́. Ẹ kà á nígbà tí orin ń lọ, torí ìwúwo orí máa ń fà á sẹ́yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ kó dá yín lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní páálí róbótó kan tí ìlà 77 wà létí rẹ̀. Bí iná NEPA bá wà, tí a bá tan gílóòbù àtijọ́ onífìtílà sí i, àwọn ìlà yẹn á dà bíi pé wọ́n dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí eré bá pé. Iná jẹnẹrétọ̀ kò ṣeé gbára lé fún èyí, kì í dúró lójú kan, iná LED náà sì lè má ṣeé lò. Torí náà, bí ẹ bá dé lọ́jọ́ Sátidé tí iná kò sí, ẹ ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ẹ máa wáìǹdì rẹ̀ tuntun kí ojú kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, sípíríǹgì kan ṣoṣo ló wà nínú 102. Ẹ sì kó apá àti orí sínú aṣọ rírọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé e bọ̀, ọ̀nà Tankẹ́ kò dára.